Ẹran Hàláàlì Nínú Ìkòkò Ẹlẹ́gbin

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, bí Mùsùlùmí rere bá dé búkà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá wọ́n fi bísímílà pa ẹran tí ń bẹ nínú ọbẹ̀. Ìbéèrè tí ó dára ni, èmi pẹ̀lú ń bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó bí a bá bèèrè ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tí a kò bèèrè omi tí wọ́n fi fọ àwo. Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 168, ohun méjì ni Ọlọ́run so pọ̀ nípa ohun tí à ń jẹ: kí ó jẹ́ hàláàlì, kí ó sì dára, kí ó mọ́. Púpọ̀ nínú wa mú èkíní, a sì fi èkejì sílẹ̀ fún àwọn wolé-wolé.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ ní búkà kan nítòsí ibùdókọ̀ nígbà tí wolé-wolé méjì wọlé. Wọn kò wo iwájú tí a tẹ́ aṣọ sí orí tábìlì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ tààrà. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n wo ibi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn sí, wọ́n bèèrè bí ṣáláńgá ti jìnnà sí kànga tó, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí ń bu oúnjẹ mú ìwé àyẹ̀wò ara wọn wá. Ni olóúnjẹ bá sáré tọ̀ mí wá, Alhájà tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá ni.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, wọn yóò gbọ́ tiyín. Mo ti wá nǹkan sílẹ̀ fún wọn."

Mo ní, "Alhájà, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa."

Inú rẹ̀ kò dùn sí mi rárá. Ó ń sọ kiri pé mo fi Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi lé ìjọba lọ́wọ́.

Èsì mi nìyí. Iṣẹ́ wolé-wolé kì í ṣe ohun tí Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fúnra rẹ̀ ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà lọ́jà, ó sì bá ohun tútù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìlú Mùsùlùmí ní alábòójútó ọjà tí à ń pè ní muhtasib. Ọ̀mọ̀wé kan, Al-Shayzari, kọ ìwé ìlànà fún wọn ní ilẹ̀ Ṣáámù, ó ti lé ní 800 ọdún. Ó ní ẹni tí ń po ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ pò ó. Kí ó bo ẹnu kí itọ́ má baà ta sí i. Kí ó di aṣọ funfun mọ́ iwájú orí kí òógùn má baà kán sínú rẹ̀. Kí ẹnìkan sì dúró tì í tí yóò máa lé eṣinṣin. Àwọn alásè ní tiwọn gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná fọ ìkòkò, kí wọ́n sì dé e. Ṣé búkà ẹ̀bá ọ̀nà wa kọ́ ni ó ń bá wí yìí? Nígbà tí àrùn eku ń jà ní Èkó láti 1924 títí dé 1930, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Yorùbá, ni ó tún iṣẹ́ wolé-wolé ṣe níbẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní ara òun le, kí ni òun ń ṣe àyẹ̀wò sí? Kí ó gbọ́ ìtàn Mary Mallon, alásè ní New York. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń bẹ nínú rẹ̀. Ní 1907 ni wọ́n tọpasẹ̀ àrùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1910 wọ́n dá a sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dáná fún ènìyàn mọ́. Ní 1915 wọ́n tún bá a ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn àwọn aboyún, ó ti yí orúkọ padà. Ènìyàn 25 ni àrùn kọlù níbẹ̀, méjì sì kú. Àwa náà kò jìnnà sí i: ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ni onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó.

Owó tí a fi sí wolé-wolé lápò kí ó má baà ṣí ìkòkò, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, Ànábì sì ti ṣépè fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn kì í wá títí ebi yóò fi pa wọ́n. Wolé-wolé tí ó jẹ ẹ̀bà ọ̀fẹ́ yó kò lè rí aáyán abẹ́ àdògán mọ́. Irú wọn ni kí a lọ fi sùn ní ọ́fíìsì, kí á má ṣe torí wọn ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Àwa oní-mọ́sáláṣí ńkọ́? Nínú àwẹ̀, à ń se oúnjẹ ìṣínu fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ń wo ibi tí a ti ń dáná. Ní mọ́sáláṣí tiwa, mo ti ní kí a pe wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ wá kí oṣù àwẹ̀ tó wọlé. Àwọn ìyá ti ra ọṣẹ àti garawa ẹlẹ́nu ẹ̀rọ méjì fún ọwọ́ fífọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá tí ó sún mọ́ kànga ni ìgbìmọ̀ kò tí ì yanjú.