Ibùdó Kejì: Àríyànjiyàn Lórí Ìjìnnà àti Àdánù

Ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró, bíi báńkì, kì í kó gbogbo sáfà rẹ̀ sí ojú kan. Ibùdó dátà méjì ni ó máa ń ní, àkọ́kọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ìkejì tí ń gba ẹ̀dà ohun gbogbo tí a bá kọ sínú àkọ́kọ́, kí ó lè tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ bí ìjàǹbá iná tàbí àgbàrá òjò bá ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ibùdó kejì yìí ni a fi ń fọkàn oníbàárà balẹ̀ pé kò sí ohun tí yóò sọnù, ṣùgbọ́n wíwà rẹ̀ nìkan kò tó láti gbé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dúró. Ó kù bí ẹ̀dà ṣe ń dé ibẹ̀, àti bí ibẹ̀ ti jìnnà tó.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀dà ń gbà débẹ̀. Nínú èyí tí a lè pè ní ẹ̀dà ẹsẹ̀kẹsẹ̀, sáfà àkọ́kọ́ kò ní sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ti parí títí ìkejì yóò fi jẹ́rìí pé òun náà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ẹ̀dà atẹ̀lé, sáfà àkọ́kọ́ ń dá oníbàárà lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀dà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀dà ẹsẹ̀kẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan sọnù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ń gbé dátà nínú wáyà fáíbà kì í rìn ju nǹkan bíi kìlómítà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkó sí Àbújá ju kìlómítà 500 lọ, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ ẹ̀dà kan kò lè dín ní ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, bí wáyà náà bá tilẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Èyí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àkáǹtì kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sanwó sí lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀, kò ní lè gbà ju ìsanwó 200 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ dúró kí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ parí.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lẹ́yìn ìkọlù ọdún 2001 ní New York, àwọn aláṣẹ ètò ìṣúná Amẹ́ríkà gbé àbá kan jáde ní 2002 tí ó béèrè bóyá ó yẹ kí ibùdó méjèèjì fi máìlì 200 sí 300 jìnnà síra wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná fárígá pé ẹ̀dà ẹsẹ̀kẹsẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ ní ìjìnnà bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwé ìkẹyìn sì jáde ní 2003, kò pàṣẹ iye máìlì kankan mọ́, àfi pé kí ibùdó kejì má gbára lé iná mànàmáná, omi, ọ̀nà àti ìsopọ̀ tẹlifóònù kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ìlànà yìí gbọ́n ju kíka máìlì lọ, nítorí pé ibùdó méjì lè jìnnà síra wọn síbẹ̀ kí fáíbà wọn gba inú kòtò kan ṣoṣo, tí àwọn tí ń gbẹ́ ojú títì yóò fi gé méjèèjì pa pọ̀.

Ẹni tí ó bá yan ibi tí ó jìnnà gan-an ti yan ẹ̀dà atẹ̀lé, ó sì ti gbà pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó kẹ́yìn lè ṣègbé: oníṣòwò tí ó ti rí àláàtì, tí ó sì ti kó ọjà fún oníbàárà, lè má ní àkọsílẹ̀ kankan ní ibùdó kejì. Ìpinnu lórí ìwọ̀n àdánù tí a lè fara mọ́ kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni a sábà máa ń dá a dá. Àwọn olùdarí ni ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún oníbàárà ní gbangba.

Bí ìsopọ̀ àárín ibùdó méjèèjì bá já nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rò pé èkejì ti kú, kí owó kan náà sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Eric Brewer ni ó dábàá rẹ̀ ní 2000, tí Seth Gilbert àti Nancy Lynch sì fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2002, pé nígbà tí ìsopọ̀ bá já, kò ṣeé ṣe kí ibùdó gbogbo máa dáni lóhùn kí àkọsílẹ̀ wọn sì tún bára mu. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé ẹlẹ́rìí kan sí ojú kẹta, kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ní ìbò kan, kí ibùdó tí kò bá ní ìbò méjì nínú mẹ́ta lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ lọ sí ibùdó kejì; ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀dà atẹ̀lé bá wà, gbígbé iṣẹ́ lọ túmọ̀ sí gbígba àdánù, ènìyàn ni ó sì yẹ kí ó pàṣẹ rẹ̀, ẹni tí a lè pè láàárín òru, tí kò ní láti dúró de ìbuwọ́lù ọ̀gá mẹ́ta.

Ẹ̀dà kò sì mọ àṣìṣe yàtọ̀ sí òótọ́: ohun tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ ní ibùdó àkọ́kọ́ yóò pa rẹ́ ní ìkejì, àyàfi bí a bá tún tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ síbi tí ẹ̀rọ méjèèjì kò lè dé.

Nígbà tí ibùdó àkọ́kọ́ bá sì jí padà lẹ́yìn tí a ti gbé iṣẹ́ lọ sí ìkejì lábẹ́ ẹ̀dà atẹ̀lé, àwọn iṣẹ́ tí ìkejì kò rí rí yóò wà nínú rẹ̀, ìkejì náà yóò sì ti gba tuntun lórí àwọn àkáǹtì kan náà, tí ó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìṣirò owó ni yóò jókòó ti ìwé méjèèjì, tí wọn yóò máa yanjú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ni owó.