Bí ọfà ọmọ yín bá ń yà, ẹ wo ohun tó ń jókòó lé

Padua ni ìlú Marco Galiazzo, tó gba góòlù tafàtafà ní Olympics Athens lọ́dún 2004. Turin náà gbàlejò ìdíje àgbáyé lọ́dún 2011. Bí ọmọ yín tó wà níbẹ̀ bá ń kọ́ ọ, tí ọfà rẹ̀ ń yà, a bẹ̀ yín, ẹ má tíì náwó sí ọrun tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wo ike kékeré tí ọfà ń jókòó lé. Owó ike yìí kò tó nǹkan. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí àárín ọfà lè ṣe déédéé pẹ̀lú ihò tó wà lókè ibi ìdìmú. Bí apá ike bá yọ kọjá ara ọfà, ìyẹ́ ọfà á máa gbá a. Ìyẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dá yàtọ̀, ìta ni kó kọjú sí. Bí ẹ bá sì ń dán an wò, ẹ má fa ọsán kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà. Ọrun lè fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.