Akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí Olùdámọ̀ràn fún Olùkọ́

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò: ta ni ó lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ wọ akẹ́kọ̀ọ́ létí tàbí kò wọ̀ ọ́? Èrò tèmi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni. Yunifásítì tí kò bá sì wá ọ̀nà láti gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ yìí ń fi ìmọ̀ ṣòfò.

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tó gba Fìdítì kọjá, yóò bá àwọn tó ń ta èso lẹ́bàá títì. Olóko mọ ìgbà tí ó gbin ọsàn rẹ̀, ó sì mọ bí ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bó o tó jẹ ẹ́ ni yóò sọ bóyá ó dùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí. Olùkọ́ mọ ohun tí ó sọ. Ohun tó dé ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ pa mọ́ fún un. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Láàrin àwa Yorùbá, ọ̀ràn yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa kì í wo ojú àgbà kí ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun. Bí olùkọ́ bá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?", gbogbo kíláàsì ni yóò dáhùn pé, "Ó yé wa, sà." Ìwà ọmọlúàbí ni ìdáhùn yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ wọlé. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé yunifásítì, ìdánwò ni yóò tú àṣírí náà, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ohun tó ń bá a lọ ni ọdún kan ayé rẹ̀, àti owó tí òbí rẹ̀ fi làágùn.

Àwọn kan ní òkè òkun ti gbìyànjú láti wá ojútùú sí irú ìṣòro yìí. Láàrin ọdún 2006 sí 2007, Alison Cook-Sather àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bryn Mawr, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, dá ètò kan sílẹ̀ tó fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe olùdámọ̀ràn fún olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀hún, kò sì pọn dandan kí ó mọ ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni yóò wọ kíláàsì, tí yóò jókòó, tí yóò sì máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Òun àti olùkọ́ yóò tún pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Wọ́n ń sanwó fún un, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni. Ohun mẹ́ta ni Cook-Sather, Catherine Bovill àti Peter Felten fi ṣe òpó irú àjọṣe yìí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014: ọ̀wọ̀, kí tọ̀tún-tòsì jàǹfààní ara wọn, àti kí wọ́n jọ ru ẹrù iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kọ́ lórí ẹkún ìyàwó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ Ìlọrà kan ni olùdámọ̀ràn. Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ní aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 5, olùkọ́ béèrè ìdí tí ìyàwó fi ń sunkún. Kò sí ẹni tó dáhùn. Olùkọ́ dáhùn fúnra wọn lójú ẹsẹ̀." Kò bú olùkọ́, kò sì yìn ín, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kékeré yìí níye lórí. Mary Budd Rowe fi hàn nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1974 pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Bí wọ́n bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn a máa gùn sí i, àwọn tó ń dáhùn a sì máa pọ̀ sí i. Olùkọ́ wo ni ó lè máa sọ̀rọ̀ kí ó tún máa ka irú àkókò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀?

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé èyí kò ní sọ àwọn ọmọ wa di aláfojúdi? Mo ní kí á wo iṣẹ́ ọnà tiwa. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, ó ṣàlàyé pé bí oníjàálá bá ń sun ìjálá, ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n sun lè dá a dúró ní gbangba pé ó ti ṣì í. Ó lè gba àtúnṣe náà, ó sì lè gbèjà ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ìwọ̀sí, nítorí pé àṣà ti fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ní àyè láti sọ ọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ kọ́ ló ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nípa bí ẹ̀kọ́ ṣe ń rí létí ẹni tí a ń kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀jẹ̀. Bí a bá fún un ní ipò náà, èdè wa yóò bá a ṣe ìyókù. "Mo rí i pé ẹ kò dúró kí wọ́n tó dáhùn, sà": ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ètò yìí ní ìlànà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Olùdámọ̀ràn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí olùkọ́ yóò fún ní máàkì. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ni yóò sì pinnu èyí tí yóò lò àti èyí tí kò ní lò, nítorí pé ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ.

Kò dìgbà tí owó ńlá bá dé kí á tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń rán lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé ti mọ bí a ṣe ń jókòó wo kíláàsì ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wá jókòó sí kíláàsì olùkọ́ kan tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀, fún sáà ẹ̀kọ́ kan péré. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Kíláàsì tí ọgbọ́n àgbà nìkan ti ń ṣiṣẹ́, ìdajì ọgbọ́n ló ń lò.