Ẹnu Ṣáájú Ọwọ́: Ipa Òbí Nínú Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìlù Dùndún

1. Ìfáárà

Èrò ọ̀pọ̀ òbí ni pé bí a bá ti ra ìlù fún ọmọ, tí a sì fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ti wa ti parí. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà kò tọ̀nà. Àwọn òbí tí kì í ṣe ìdílé Àyàn, ní Ọ̀sì, ní Ìlọ́fà àti ní agbègbè wọn, ni a ní lọ́kàn.

2. Etí àti ẹnu

Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Àwọn ni ìyáàlù ń sín jẹ bí onílù ti ń fún ọsán rẹ̀ mọ́ra, tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Nítorí náà, bákan náà ni 'ilé' àti 'ọkọ́' ń dún lórí ìlù. Ìdí nìyí tí onílù fi ń lo gbólóhùn gígùn bí oríkì àti òwe, kí ìtumọ̀ má baà fara sin. Ọmọ tí kò mọ gbólóhùn náà lẹ́nu kò lè fi ọwọ́ pè é. A lè sọ nígbà náà pé ọmọ tí a ń kì ní oríkì láràárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìlù kí ó tó di kọ̀ǹgọ́ mú.

3. Àyè láàrin àgbà

Nínú ilé Àyàn, ọmọdé kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Omele ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún un, nítorí pé ìró kan náà ni omele ń tún lù léraléra. Síbẹ̀, òde gidi ni ó ti ń lù ú, láàrin àwọn àgbà. Bí ó bá ṣìṣe, ìró ìlù yòókù ni yóò kọ́kọ́ tú u fó. Àgbà lè gba kọ̀ǹgọ́, kí ó lù ú díẹ̀, kí ó sì dá a padà fún un. Ọmọ tí ó mọ̀ pé agbo ń retí ìlù òun kì í tètè sú.

4. Òbí àti olùkọ́

Kò pọn dandan kí òbí jẹ́ olùkọ́. Ọ̀sì fúnra rẹ̀ fún wa ní àpẹẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti inú iṣẹ́ ọnà mìíràn. Aréògún, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954, kọ́ ni olùkọ́ Bándélé ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Aréògún ni. Bándélé náà sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí baba tí ó mọ iṣẹ́ bá lè fi ọmọ síwájú ẹlòmíràn, kò sí ìtìjú fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n.

5. Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ ni ó ni ọwọ́ ọmọ. Òbí ni ó ni etí àti ẹnu rẹ̀. Òbí tí ó ra ìyáàlù, ṣùgbọ́n tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, ìlù tí kò ní ọ̀rọ̀ ni ó rà. Kí a kọ́kọ́ fún ọmọ ní ohun tí ìlù yóò sọ.