Kíndìnrín Àwọn Ìyá: Àyẹ̀wò Tí Kò Yẹ Kí Ó Parí Ní Ọjọ́ Ìkómọ

Obìnrin kan lè máa ná ọjà ní Ìkọ̀lé, kí ó máa lọ sí oko, kí ó sì máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àìsàn yìí kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ àti ojú bá fi máa wú, tí oúnjẹ kò sì wuni mọ́, ó ti lè jinlẹ̀.

Kíndìnrín méjì ni Ẹlẹ́dàá fi sí ẹ̀yìn wa, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí àwọn ìyá wa ti ń sẹ́ ògì, àmọ́ níhìn-ín, ohun tí a fẹ́ ni ó ń dúró, ìdọ̀tí ni ó ń bá ìtọ̀ jáde. Bí asẹ́ náà bá ya, purotéènì tí ara nílò yóò máa jò sínú ìtọ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọdún 2018, Ọjọ́ Kíndìnrín Àgbáyé bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Ọjọ́ Àwọn Obìnrin Àgbáyé. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 195 obìnrin ni ó ní àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́, àti pé àwọn obìnrin tí ó ń pa lọ́dún sún mọ́ 600,000. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ díẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin ni ó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́, àìsàn náà máa ń rọra rìn lára obìnrin, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ìyẹn nìkan ni ìdí rẹ̀. Ìyá tí yóò san owó ilé ìwé ọmọ kí ó tó ra oògùn ara rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó sábà ń fà á. Oògùn ara ríro tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara abóra tí ó ní mẹ́kúrì, nítorí ohun tí a fi pa awọ ara lè dé inú kíndìnrín.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún, ẹ̀jẹ̀ aboyún lè ru, kí purotéènì sì máa jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè di gìrì, kí ó sì gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Ọ̀pọ̀ a máa bọ́ nínú rẹ̀. Wọn yóò bímọ, ẹ̀jẹ̀ yóò wálẹ̀, a ó kó ọmọ jáde, a ó sì dúpẹ́. Síbẹ̀, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu àìsàn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí a tún wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn ìbímọ. Bí purotéènì bá ṣì wà nínú ìtọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí dókítà kíndìnrín rí i.

Nítorí kí ni a fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti kú sábà nílò kí a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Inú wa dùn sí i. Síbẹ̀, ₦36,000 ni ìyẹn lọ́sẹ̀, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí jẹ́ ₦70,000. A kò tíì ka owó ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé, gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì, dé Federal Teaching Hospital ní Ìdó.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí tí ó wà lábẹ́ ìjọ lè ní in, àti bébà pélébé tí a ń tì bọ ìtọ̀. Àwọn àlùfáà tí ń ṣe ìkómọ náà lè bi ìyá ọmọ léèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún, àti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí ó padà wá.