Ẹsẹ̀ tó fọ́ yángá: àwọn onímọ̀ ń dán iná mànàmáná wò láti mọ èyí tó ṣì lè yè

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn àti onímọ̀ ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń dán ọ̀nà kan wò tí wọ́n lè fi mọ ipò tí apá tàbí ẹsẹ̀ tó dá wà, nípa lílo iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ kéré gan-an. Kì í ṣe ojú ibi tí eegun ti dá ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ X-ray ti ń fi ìyẹn hàn láti ìgbà tí Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ti ṣàwárí ìtànṣán rẹ̀ ní ọdún 1895. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹran tó yí eegun náà ká ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ mu, àti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bóyá eegun náà ti ń so pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí ìjàm̀bá ọ̀kadà àti ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú eegun tó ti la awọ jáde. Eegun ojúgun ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù, nítorí pé awọ nìkan ló bò ó níwájú. Ní ọdún 1976, àwọn oníṣègùn eegun méjì, Ramon Gustilo àti John Anderson, ṣe àgbéyẹ̀wò irú eegun dídá bẹ́ẹ̀ tó lé ní 1,000, wọ́n sì pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èyí tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 1 ló wà ní ìsọ̀rí kìíní. Ìsọ̀rí kẹta ni èyí tí ẹran ti fà ya gidigidi. Ní ọdún 1984, wọ́n tún ìsọ̀rí kẹta yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tó sì burú jù nínú wọn ni èyí tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé dandan ni kí a tún un ṣe.

Bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú dókítà, ìpinnu kan wà tí kò ṣeé sún síwájú: ṣé kí wọ́n gbìyànjú láti dá ẹsẹ̀ náà sí ni, àbí kí wọ́n gé e? Bí ẹran ara kò bá rí ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 6, ó lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọwọ́ àti ojú ni dókítà fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà. Á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wò bóyá ó ti tutù, á wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ kúlúkúlú, á sì bi aláìsàn bóyá ó mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n bá fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àmì wọ̀nyí lè tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 1990, àwọn oníṣègùn kan ṣe ètò máàkì kan tí dókítà lè fi ṣe ìṣirò bí ìfarapa ṣe le tó. Bí máàkì náà bá pé 7 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrò wọn ni pé gígé ni yóò gbẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn mélòó kan ní Amẹ́ríkà dán irú ètò máàkì báyìí wò lára àwọn tó fara pa, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé kò ṣeé gbára lé láti fi mọ ẹsẹ̀ tó yẹ ní gígé. Ní ọdún 2005, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ wọn yẹ àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kú tipiri nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn wò. Nínú àwọn tí wọ́n dá ẹsẹ̀ wọn sí, ó ju ìdajì lọ tí ìmọ̀lára padà sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láàárín ọdún 2. Ìyẹn ni pé bí ẹnìkan bá tìtorí àmì yẹn nìkan gé ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tí ì bá tún rìn ni ó gé.

Ewu kejì kì í hàn síta rárá. Awọ líle kan tí kì í fẹ̀ ló di àwọn ẹran ẹsẹ̀ ní ìdì-ìdì. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá dà sínú ìdì kan lẹ́yìn tí eegun ti dá, ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ á pọ̀ títí yóò fi dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ pa. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ bí POP tàbí ọparun tí àwọn onísègùn ìbílẹ̀ tó ń to eegun fi di ẹsẹ̀ bá fún jù. Àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà nípa àwọn aláìsàn, tí àwọn ọmọdé wà lára wọn, tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn jẹrà lọ́nà yìí lórí eegun dídá tí kì bá tí gba iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la awọ líle náà kí ẹran lè mí ni ìtọ́jú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yá. Láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n là á, wọ́n lè ki abẹ́rẹ́ bọ inú ẹran láti wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ náà bá gún nìkan ló lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ibí yìí ni iná mànàmáná ti wọlé. Omi àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, eegun líle kì í sì í jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí i ká. Bí iná tí wọ́n rán bá ń ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì ló máa ń gbà kọjá, bí odò ṣe ń yí òkúta kọjá. Bí ó bá ń ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀ kíákíá, á gba inú sẹ́ẹ̀lì já. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kú, awọ rẹ̀ á lu, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì á sì dín kù. David Barber àti Brian Brown ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irú ìmọ̀ yìí ya àwòrán inú ara ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nípa títo àwọn ohun ìfàná yí ara ká. Lónìí, àwọn ilé ìwòsàn kan ń fi í wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó wà lójú àìsàn líle.

Ní ti ẹsẹ̀, ìlú Charlotte ní ìpínlẹ̀ North Carolina ni iṣẹ́ kan ti lọ jìnnà. Serguei Semenov àti àwọn oníṣègùn eegun tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lo ìgbì tó jọ èyí tí ààrò ìgbàlódé fi ń gbé oúnjẹ gbóná, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò tó ohun tí í sun ara. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ náà kù, wọ́n sì tún mú kí ìfúnpọ̀ inú ẹran pọ̀ sí i. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 àti 2011, wọ́n ní ẹ̀rọ wọn rí àyípadà náà nínú ẹran, láìsí pé wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ California, àwọn onímọ̀ ní Berkeley àti San Francisco gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣe ohun ìdi-ọgbẹ́ kan tí wọ́n to àwọn ohun ìfàná kéékèèké sí. Lára èkúté, ó rí ìpalára tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣe sí ẹran kí ojú tó rí i. Ní ọdún 2019, wọ́n fi irú ohun ìfàná bẹ́ẹ̀ sí ojú ibi tí eegun eku ti dá. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló máa ń kọ́kọ́ kún ojú eegun tó dá, eegun rírọ̀ bí irú èyí tó wà ní etí á tẹ̀ lé e, kí eegun gidi tó dé. Bí ìpele wọ̀nyí ṣe ń yí padà ni bí iná ṣe ń kọjá ń yí padà, ó sì ṣeé fi ya eku tí eegun rẹ̀ ń jiná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí tirẹ̀ kò lọ déédéé. X-ray kì í tètè rí eegun rírọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó mọ̀ pé eegun òun kò so.

Ọ̀nà ṣì jìn kí èyí tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Iná kì í rìn tààrà bí ìtànṣán X-ray, ńṣe ló máa ń tàn káàkiri inú ara, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ kedere. Irin tí wọ́n fi de eegun máa ń fa iná mọ́ra, ó sì lè da àyẹ̀wò rú. Ẹsẹ̀ tó wú, tó ya, tí erùpẹ̀ títì kún inú rẹ̀ kò sì jọ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó mọ́ nínú yàrá ìwádìí.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó lè mú kí iṣẹ́ yìí wúlò fún àwọn adúláwọ̀ ní pàtàkì. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ oníná pupa tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè rí àìtó afẹ́fẹ́ lára adúláwọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tó ṣe é lára aláwọ̀ funfun. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba awọ kọjá ni ẹ̀rọ yẹn gbára lé. Iná mànàmáná kì í fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lára ènìyàn nìkan ni a ti lè fi ìdí àǹfààní yẹn múlẹ̀.

Kí ó tó dìgbà náà, àwọn oníṣègùn eegun ní ìmọ̀ràn fún ẹni tó bá wà níbi ìjàm̀bá. Kí ó fi aṣọ mímọ́ bo ọgbẹ́, kí ó tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, kí ó fi igi tàbí páálí gbé ẹsẹ̀ náà ró láì fún un pa. Kí ó má ṣe ti eegun tó yọ síta padà sínú, kí ó má sì da epo tàbí àgbo sí i. Kí ó rántí aago tí ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀, torí dókítà yóò béèrè. Bí ìrora ẹni tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tó ń pariwo bí wọ́n bá na ìka náà, kí wọ́n tú ìdè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí POP bá sì ni, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n là á, ì báà jẹ́ òru.