Ògiri Tó Jẹ Owó Ọdún Ifá

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ló dé tí ọdún Ifá wa ní ilé bàbá mi ní Sábó fi kéré báyẹn lọ́dún 2024. Wọ́n ní a ò gbọ́ ìlù, ẹran kan ṣoṣo la sì pa. Ògiri ló jẹ owó náà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tèmi nìkan ni ògiri ti ń sunkún.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa. Lẹ́yìn tí àrùn eku bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn l'Ékòó ní 1924, ìjọba òyìnbó dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Àwọn ló la Yábàá sí òpópónà kí àwọn èèyàn lè kúrò ní Erékùṣù wá síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn dáadáa ni bàbá mi kọ́ tirẹ̀, ní 1958. Páìpù irin ló rì sínú ògiri. Irin tó ti wà nínú omi láti ìgbà yẹn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Yàrá tí ojúbọ wà fẹ̀yìn ti ilé ìwẹ̀ àwọn ayálégbé. Nígbà òjò 2022 ni mo kọ́kọ́ rí i tí ọ̀dà ara ògiri ń wú, tó ń ṣí, tí nǹkan funfun bí ẹfun sì ń yọ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun, ní Yèyé ló ń sọ̀rọ̀, pé ó fẹ́ gba nǹkan. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, torí owó ètùtù ò tó owó bíríkìlà. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀. Ifá ní ire ni, kò sí òrìṣà kankan tó ń bínú. Mo fẹ́ tún un gbé ṣánlẹ̀, ojú sì tì mí. Babaláwo tó bá ń bi Ifá títí tí yóò fi gbọ́ ohun tó wù ú, ta ló ń tàn?

Síbẹ̀ mi ò wá ìdí omi náà. Akunlé ni mo pè. ₦45,000. Òjò kejì ò tíì dá tí ọ̀dà tún ṣí. Ní 2023 mo pe bíríkìlà, ó ha ògiri, ó rẹ́ ẹ tuntun, ó gba ₦110,000. Oṣù mẹ́fà ni ìyẹn lò. ₦155,000 ni mo fi bo omi mọ́ inú ògiri.

Ní 2024 ni wọ́n júwe púlọ́ńbà àgbàlagbà kan fún mi ní Alágoméjì. Bàbá yìí ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ògiri. Orí táǹkì ló gùn lọ. Ó ní kí gbogbo ilé ti ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, ó ki igi bọ inú táǹkì, ó fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lò ó. Ó gba ₦5,000 fún ìyẹn. Nínú gbogbo owó tí mo ná, òun nìkan ni kò dùn mí.

Ó ní bí ọ̀rinrin bá ti òkè wálẹ̀, tó sì ń pọ̀ sí i nígbà òjò, kí a lọ wo páànù. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ló ń tutù, ilẹ̀ ló ń fa omi. Tiwa tutù láàárín ògiri, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ní kí ó kọ iye owó sílẹ̀, kí ó ya ti ọjà sọ́tọ̀, kí ó ya ti iṣẹ́ sọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦370,000. Ẹ gbọ́ o: páìpù fúnra rẹ̀ kò ju ₦38,000 lọ. Èyí tó kù jẹ́ owó kí a dé ibi tí páìpù wà, àti owó kí a padà jáde. A ó fọ́ táìlì ilé ìwẹ̀, a ó la ògiri, a ó pe oníná kó wo wáyà tó ti tutù (ẹ pa iná ilé kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la irú ògiri bẹ́ẹ̀), a ó rẹ́ ẹ, a ó kùn ún. Yanrìn pàápàá, tipper ò lè wọ àdúgbò wa, bárò ni wọ́n fi ń tì í wọlé, wọ́n sì ń gba owó ìrìn kọ̀ọ̀kan.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Nígbà tí mo ń kun ọ̀dà kiri ní 2023, bí ₦5,000 ni mo ń ra àpò kan. Nígbà tó di February 2024, ó ti kọjá ₦10,000, àfìgbà tí ìjọba pe àwọn tó ń ṣe é jókòó tí wọ́n ní kó wà láàárín ₦7,000 sí ₦8,000. Èmi ò rí i rà ní iye yẹn. ₦8,500 ni wọ́n tà á fún mi.

Ẹ̀yin tí ilé yín dàgbà bíi tiwa, tó jẹ́ sílìn lomi ti ń kán, ẹ ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú sílìn ìgbà yẹn ló ní asbestos nínú. Eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọ́ ọ ní gbígbẹ, ẹ má sì fi ọwọ̀ gbá a.

Ta ni yóò san owó? Àbúrò mi tó wà ní London ní òun á fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, torí ọ̀dà ló rí nínú fídíò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a pín in fún àwọn ayálégbé. Mo ní rárá. Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 gbé àtúnṣe ìta ilé àti ibi àjọlò lé onílé lọ́wọ́, ilé ìwẹ̀ àjọlò sì nìyẹn. Owó ọdún Ifá ló wà nílẹ̀. Mo fi obì bi Ifá, obì yàn. Mo mú ₦250,000 níbẹ̀, mo fi tèmi kún un. Ó wà nínú ìwé, kí ẹni tó dá owó ọdún wá wò ó.

Bíríkìlà fẹ́ kun ògiri lọ́sẹ̀ kejì. Púlọ́ńbà ní kó má dán an wò, pé ọ̀dà tuntun lórí ògiri tútù, owó tó dà nù ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò, fèrèsé ní ṣíṣí. Iwájú rẹ̀ náà la ti ṣe ọdún.

Ohun tí kò sí nínú ₦370,000 yẹn ni ọpọ́n Ifá bàbá mi. Ẹ̀yìn ojúbọ ló fara ti ògiri láti 2022. Nígbà tí a gbé e kúrò kí wọ́n tó la ògiri, etí rẹ̀ kan ti rà, ojú Èṣù tó wà níbẹ̀ sì ti là sí méjì. Mo gbé e lọ fún agbẹ́gilére. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní òun lè gbẹ́ òmíràn fún mi.

Ilé ìwẹ̀ ti dára báyìí. A ò rí irú táìlì àtijọ́ rà mọ́, méjìlá tuntun ló wà láàárín wọn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Láràárọ̀ tí mo bá kọjá níbẹ̀ ni mò ń kà wọ́n.